Melanio Oníná àti Wákàtí Irun

Bí ẹ bá gun òkè dé Arroyo Manso lónìí, ilé yòówù kí ẹ yà sí, wọn á kọ́kọ́ fún yín ní kọfí, wọn á bi yín bóyá òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, lẹ́yìn náà wọn á sọ ìtàn irun Yubelkis fún yín. Ẹ ò lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ ti gbọ́ ọ rí, wọn á ní ẹni tó sọ ọ́ fún yín kò mọ̀ ọ́n sọ.

Àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó Yubelkis ni. Bàbá rẹ̀, Don Melanio, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ni olùtọ́jú iná ìlú, iná tí omi odò ń mú wá, tí àwọn ará ìlú fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Yubelkis ti wà lórí àga Casilda onídìrí láti ìdájí. Casilda ti fọ irun náà, ó ti fi rólà ká a, ó ti tú u, ó wá gbé dráyà tó ń fi ooru na irun lé e. Irun tó pọ̀, tó ki, tó ń lọ́ mọ́ra ni. Apá ọ̀tún ti nà, ó ń dán, ó balẹ̀ dé èjìká. Casilda ṣẹ̀ṣẹ̀ yí sí apá òsì ni dráyà bá dákẹ́.

Ó gbọ̀n ọ́n. Ó gbá a nídìí. Ó wá fetí sílẹ̀, ó gbọ́ pé rédíò gbogbo àdúgbò ti dákẹ́ pẹ̀lú, ó sì mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ náà.

Nereida, ìyá ìyàwó, sáré lọ sí ilé ẹ̀rọ létí odò, ó fi bàtà ìgbéyàwó rẹ̀ há abíyá. Ó bá ọkọ rẹ̀ lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀rọ, nínú kóòtù dúdú, pẹ̀lú táì lọ́rùn. Ó ti ti omi pa.

"Bàbá Yubelkis, ọmọ yín ni o," ni Nereida wí. "Ọmọ tí ẹ fúnra yín bí."

"Mo mọ̀ pé èmi ni mo bí i," ni Melanio dáhùn. "Òfin ni kò mọ̀."

Òfin ọ̀hún ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki ohunkóhun tó ń gbóná bọ iná ìlú. Odò wọn kì í ṣe odò ńlá. Bí wọ́n bá ki áyọ́ọ̀nù kan péré bọ̀ ọ́, gbogbo gílóòbù á pọ́n bí ojú ẹni tó ń tòògbé, fíríìjì ilé ìwòsàn, níbi tí abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ ọwọ́ wà, á sì kú. Dráyà Casilda tún ń jẹ iná ju áyọ́ọ̀nù lọ.

Báyìí ni Yubelkis ṣe wọ ṣọ́ọ̀ṣì, apá ọ̀tún irun rẹ̀ balẹ̀ jẹ́ẹ́, apá òsì dìde dúró gbọn-in. Ayàwòrán ní kó fi ẹ̀gbẹ́ kan kọ ojú sí òun, kí ìkejì má hàn. Melanio kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kí ọmọ òun kọjú síwájú gedegbe, kí àwọn ọmọ tó máa bí lè mọ̀ pé inú ilé tí kò mọ ojúsàájú ni wọ́n ti wá. Àwòrán náà ṣì wà lára ògiri ilé Melanio. Ní ti ọkọ ìyàwó, ó ní òun fẹ́ obìnrin méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, fáda sì súre fún méjèèjì.

Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín sí i. Àmọ́ látìgbà tí Melanio ti kú, ẹ̀rín ọ̀hún kì í pẹ́ lẹ́nu wọn. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín á ṣàdédé gbójú sókè wo gílóòbù tó wà ní àjà. Casilda ní tiẹ̀ a máa dìde lọ wá nǹkan ṣe ní ẹ̀yìnkùlé, nítorí òun ló mọ bí ìtàn irun náà ṣe parí.

Kí iná yìí tó dé, àtùpà ni wọ́n ń lò. Wáyà ìjọba dúró sí ẹsẹ̀ òkè, kò sì gòkè mọ́. Ní gbogbo ìgbà ìdìbò ni àwọn tó ń wá ipò ń gòkè wá ṣèlérí, tí ìdìbò bá sì parí, kò sẹ́ni tó máa rí ẹsẹ̀ wọn mọ́ títí di òmíràn. Melanio, tó jẹ́ àgbẹ̀ kọfí lásán, lọ kí ìbátan rẹ̀ kan lódìkejì òkè, ó bá omi níbẹ̀ tó ń yí ẹ̀rọ, tí ẹ̀rọ ń tan iná. Ó padà wálé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ gbogbo ayé lẹ́nu. Lẹ́yìn Máàsì ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, ọ̀wẹ̀ ni. Àwọn obìnrin fi bàsíà ru yanrìn, àwọn ọkùnrin da ìbaaka tó ru sìmẹ́ńtì, ibi tí ìbaaka ò sì lè gbà, orí èèyàn ló gbà á. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, Melanio sì mọ bí wọ́n ṣe ń pe ọwọ́ jọ. Bí o bá ní ẹ̀yìn ń dùn ẹ́, á ní kò burú, kí o wá fi ẹ̀yìn dídùn gbé kékeré.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí iná kọ́kọ́ tàn, gbogbo ìlú sunkún ayọ̀. Nereida wo ojú ọkọ rẹ̀ lábẹ́ gílóòbù, ó wò ó títí.

"Áà, Bàbá Yubelkis," ló wí, "ṣé báyìí lẹ ṣe darúgbó tó?"

"Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ká máa tètè pa á," ni Melanio fèsì.

Ó sì ń pa á lóòótọ́. Lójoojúmọ́ ni Melanio ń fi ọ̀pá ọparun rìn yí ìlú po, bó bá sì rí gílóòbù tó ń tàn nínú yàrá tí kò séèyàn, á kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọ̀pá náà, á béèrè pé, "Gílóòbù yín ń wo ta?" Bó bá jẹ́ pé ọ̀sán ni, á béèrè bóyá oòrùn Ọlọ́run kò tó wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá bínú, á rán an létí pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn, á sì máa bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Áyọ́ọ̀nù ló kórìíra jù. Ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ti ń mú àwọn ọ̀daràn. Bí fáda bá ti ní kí oníkálukú kí ẹnìkejì rẹ̀ kú àlàáfíà, Melanio á dìde, á fi ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, á fi ìka òsì fa etí kọ́là rẹ̀ wò jẹ́jẹ́. Bí kọ́là náà bá rún, ó di, "Àlàáfíà Olúwa kó wà pẹ̀lú rẹ." Bó bá le gbaragbara, á rọra sọ ọ́ sí i létí pé, "Alejo, o lọ aṣọ." Alejo tó ń tọ́jú ìbaaka yìí ni wọ́n mú jù, torí ó ń wá ìyàwó, kò sì mọ bí èèyàn ṣe ń fi aṣọ rírún wá ìyàwó.

Olóṣèlú kan tilẹ̀ gòkè wá lọ́dún kan, ó kó ẹ̀rọ gbohùngbohùn gogoro wá, ó sì ki í bọ iná ìlú. Bó ṣe ṣèlérí pé bí òun bá wọlé òun á mú iná wá ni gbogbo gílóòbù kú. Melanio gun àga dìde láàárín èrò, ó ní, "Ọ̀gá, iná ti wà níbí kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá lọ, á tún wà." Ọkùnrin náà lọ lóòótọ́, iná sì wà.

Ìyà tó fi ń jẹ ìlú náà ni gbogbo wọn bẹ̀rù. Bó bá rí i pé iná ń pọ́n, tí kò sì mọ ẹni tó ń fi nǹkan gbígbóná jà á lólè, ńṣe ló ń lọ sílé ẹ̀rọ, á ní kí nọ́ọ̀sì kó abẹ́rẹ́ sínú yìnyín, á ti omi pa, á jókòó sórí àpótí rẹ̀. Kò ní sọ̀rọ̀. Títí ọ̀daràn fi máa wá jẹ́wọ́, gbogbo ìlú ò ní níná. Nígbà tó ṣe, ó mọ́ wọn lára. Iná á lọ, wọn á jáde síwájú ilé, wọn á máa wo ojú ara wọn, ẹnìkan á ní, "Ó dáa, èmi ni," iná á sì dé. Fáda fúnra rẹ̀ sọ pé Melanio gbọ́ ìjẹ́wọ́ ju òun lọ.

Casilda nìkan ni kò jẹ́wọ́ rí. Lẹ́yìn ìgbéyàwó Yubelkis, ó gbé dráyà rẹ̀, ó gbé e lọ sílé Melanio, ó gbé e ka orí tábìlì láàárín abọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe dé òkè yìí, kí ẹ lè mọ ohun tó ń jà fún. Ìlú ńlá ló ti kọ́ṣẹ́ irun, ó sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn níbẹ̀. Ojú ìyá rẹ̀, Doña Eufemia, ló fọ́, ìyá náà sì búra pé òun kò ní kúrò nínú ilé tí òun mọ gbogbo igun rẹ̀ lọ síbi tí òun á ti máa forí gbá ògiri àjèjì. Casilda padà wá nítorí rẹ̀. Onídìrí tí kò ní dráyà níbẹ̀ sì dà bí alágbẹ̀dẹ tí kò ní ẹ̀wìrì.

"Bàbá Yubelkis, bí mi ò bá ṣe irun, mi ò jẹun," ni Casilda wí. "Bí mi ò bá jẹun, màá sọ̀ kalẹ̀ padà. Màámi ò sì ní tẹ̀lé mi. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá máa mú un lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé?"

"Oòrùn wà," ni Melanio dáhùn. "Kí wọ́n fi rólà jókòó sóòrùn."

"Lókè tí òjò ti ń rọ̀ lójoojúmọ́?"

"Kí wọ́n gé e mọ́lẹ̀ nígbà náà."

"Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, Bàbá."

Melanio fa àga kan fún un, nítorí ó fẹ́ràn ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Casilda béèrè ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀. Melanio ní òun á fún un ní Ọjọ́ Ẹtì Rere. Casilda ní ta ló ń ṣe irun lọ́jọ́ tí Olúwa kú. Melanio ní ìdí nìyẹn gan-an tí òun fi mú un. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tutù mọ́ wọn lọ́wọ́. Níkẹyìn, wọ́n fẹnu kò sí wákàtí kan, láago méjì ọ̀sán gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí ìlú bá lè gbà láti pa ohun gbogbo, àfi fíríìjì ilé ìwòsàn, kí dráyà Casilda lè rí iná tó tó.

Wọ́n pe ìpàdé. Àwọn ọkùnrin fárígá, torí àkókò yẹn gan-an ni rédíò ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù onígi, ìyẹn bẹ́ísìbọ́ọ̀lù. Melanio, tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gbógun ti dráyà, ló wá dìde gbèjà rẹ̀. Ó ní kò burú, kí wọ́n kọ̀. Ó ní Casilda á lọ, àwọn ìyàwó wọn á sì máa sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣe irun nílùú ńlá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. "Wọ́n á máa rí ìlú," ló wí. "Ṣé ẹ dá yín lójú pé gbogbo wọn ló máa padà gòkè wá?" Kò sẹ́ni tó tún mẹ́nu ba bọ́ọ̀lù.

Bí wákàtí irun ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Melanio so ríìmù ọkọ̀ kan kọ́ sára igi píà níwájú ilé Casilda. Bí aago méjì bá lù, á fi irin lù ú, á rìn yí ìlú ká, rédíò á dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, gílóòbù á kú, kò ní sí ohun tó ń dún mọ́ ní gbogbo òkè náà àfi dráyà Casilda. Melanio á wá jókòó sórí òkúta lábẹ́ igi píà. Kò wọ inú ilé irun rí. Bí wákàtí bá pé, á tún lu ríìmù, Casilda á yọrí lójú fèrèsé, ìjà á bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ẹ fún mi ní díẹ̀ sí i. Ìdí irun kan ló kù."

"Irun kì í tán lórí, Casilda. Pa á."

Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń ja ìjà yìí, àwọn obìnrin inú ilé á sì máa rẹ́rìn-ín lábẹ́ rólà wọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kò wáyé. Doña Eufemia ló wà lórí àga lọ́jọ́ náà, ó ní òun náà fẹ́ mọ̀ bí irun nínà ṣe ń rí lọ́wọ́. Wákàtí pé, ríìmù ò dún. Casilda ṣe irun funfun náà tán pátápátá, ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ pa á títí, ó ń rẹ́rìn-ín nìkan. Lẹ́yìn náà ni ríìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dún. Nígbà tí Casilda bi Melanio, ó ní aago ọwọ́ òun ló kú. Casilda sì rí aago náà tó ń rìn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta mìíràn ni Melanio kú. Òjò ti ń rọ̀ lókè orísun odò láti àárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì rọ̀ dé ìlú. Melanio lu ríìmù, ó rìn yípo, ó padà dé iwájú fèrèsé Casilda, ó sì ń wo òkè.

"Ewé á ti máa dí asẹ́ ẹnu omi," ló wí. Asẹ́ onírin ńlá kan ló wà níbi tí omi ti ń wọ páìpù, ewé tí òjò bá wọ́ wá ló ń dá dúró. Bí ewé bá pọ̀ jù, omi ò ní lè kọjá. "Mò ń lọ wò ó. Má dúró, máa ṣe irun tìrẹ."

Casilda ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé òkè mọ́, kó rán Alejo.

"Alejo?" ni Melanio wí. "Ẹni tí kò lè fi kọ́là rẹ̀ pamọ́ fún mi?" Ó fi ọ̀pá ọparun rẹ̀ tilẹ̀, ó ń gòkè lọ. Ohun tó sọ gbẹ̀yìn létí ẹnikẹ́ni nìyẹn.

Tomasina ló wà lórí àga. Apá kan irun rẹ̀ ti nà nígbà tí dráyà ń rọlẹ̀, tó ń rọlẹ̀, tó sì kú. Àwọn èèyàn jáde síwájú ilé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n péjọ sábẹ́ igi píà. Gbogbo wọn gbà pé Melanio ti ti omi pa, ẹnìkan ti ṣẹ̀. Alejo ló kọ́kọ́ tẹríba. Ó ní òótọ́ ni, òun lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan láàárọ̀, nítorí ọmọbìnrin kan tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Gbogbo wọn wo gílóòbù tó wà lẹ́nu ọ̀nà Casilda. Kò tàn. Tomasina fi aṣọ ìnura bo orí, ó jẹ́wọ́ ìkòkò oníná tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Nuyọ́ọ̀kì, tó ń fi se ẹ̀wà lábẹ́ ibùsùn. Wọ́n kọ háà. Wọ́n tún wo gílóòbù. Fermín tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì ní òun ní fáànù. Wọ́n ní fáànù kì í gbóná. Ó ní òun mọ̀, ó kàn ń jẹ òun lọ́kàn ni. Gílóòbù ò tàn. Ẹ̀rín ti gba gbogbo wọn, torí wọn kò mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí kò sẹ́ni tó kù, wọ́n yíjú sí Casilda.

"Ìwọ ló kù," ni Alejo wí. "Jẹ́wọ́, jẹ́ kí bàbá yẹn dá wa sílẹ̀."

Casilda fẹ́ bú u. Ẹnu rẹ̀ ti là. Ọ̀rọ̀ kan ló dá a dúró.

"Wákàtí mi nìyí," ló wí. Kò yé wọn, ó sì tún un sọ. "Wákàtí mi nìyí. Kò ti omi pa rí ní wákàtí mi."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ó wọ bàtà ilé, kọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀rọ kọjá, kò séèyàn lórí àpótí. Ó ń gòkè lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù, ó ń ṣubú, ó ń dìde.

Ó bá a létí ẹnu omi. Melanio jókòó, ó fẹ̀yìn ti òkúta, fìlà rẹ̀ wà lórí orúnkún rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kún fún ewé. Apá ọ̀tún asẹ́ ti mọ́ tónítóní, ó ti yọ gbogbo ewé ibẹ̀ kúrò, ó sì kó o jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Apá òsì ṣì dí pa. Casilda pè é. Ó fọwọ́ kàn án. Ó gbá a mọ́ra, ó ń mì í.

"Bàbá, ẹ dìde," ló ń wí. "Ẹ dìde, ẹ wá bá mi jà."

Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Lẹ́yìn náà, kò mọ ohun tó tì í, ó wọ inú omi náà, ó sì fi ọwọ́ kó ewé apá òsì kúrò, ẹ̀kúnwọ́ lẹ́yìn ẹ̀kúnwọ́, títí asẹ́ fi mọ́ látòkè délẹ̀. Omi ya wọ páìpù. Ó padà wá jókòó ti Melanio, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ariwo ayọ̀ láti ìsàlẹ̀. Iná ti dé. Gbogbo ìlú ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kígbe pé, "Ó ti foríjì wá! Melanio ti foríjì wá!"

Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn sọ pé ọkàn rẹ̀ ló dúró lẹ́ẹ̀kan náà, pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ì bá ṣe. Bóyá òótọ́ ni. Alejo kò gbà á gbọ́. Ó jókòó sídìí pósí, ó ń sọ ohun kan náà ṣáá, pé ibi tí òun ti ń jẹ́wọ́ áyọ́ọ̀nù ni bàbá yẹn ti ń kú lọ.

Fáda gòkè wá láti wá sin ín. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó bi Fermín bóyá odò ti kún wọ ilé wọn ni. Gbogbo ìlú ló wọ aṣọ dúdú, kò sì sí aṣọ kan níbẹ̀ tó rí áyọ́ọ̀nù. Wọ́n rún kọjá àfẹnusọ. Ṣẹ́ẹ̀tì rí bí ohun tí màlúù jẹ tó sì tu dànù, síkẹ́ẹ̀tì ká sókè lẹ́yìn. Wọn kò bá ara wọn sọ ọ́, kò sí ìpàdé, oníkálukú ló dá a ṣe nílé rẹ̀.

Nígbà tí àkókò àtikí ara ẹni kú àlàáfíà tó, Nereida dìde níwájú pósí ọkọ rẹ̀. Ó rìn lọ sọ́dọ̀ Alejo, ó fi ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì fi ìka òsì fa etí kọ́là rẹ̀ wò jẹ́jẹ́. Kọ́là náà rún. Ó bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó tẹ̀ lé e, ó fà á wò. Bó ṣe wo gbogbo wọn nìyẹn, láti àga iwájú dé ẹnu ọ̀nà. Kò mú ẹnikẹ́ni. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín ọ̀hún tán, ẹkún ni.

Àmọ́ ọ̀fọ̀ yàtọ̀ sí ìgbé ayé. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ń gbàdúrà fún òkú, àwọn ìbátan gòkè wá láti ibi gbogbo. Ẹni tó fẹ́ se omi kọfí ki ìkòkò bọ iná, ẹni tí òtútù mú ki ohun gbígbóná bọ̀ ọ́. Gílóòbù ń tàn lọ́sàn-án, kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn. Iná ń pọ́n, iná ń kú, nọ́ọ̀sì ń sáré gbé abẹ́rẹ́ sínú yìnyín. Gbogbo wọn ń sọ pé kò dáa. Kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ Melanio, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n máa bínú sí òun.

Casilda rí gbogbo rẹ̀. Ó mọ ibi tó ń lọ. Obìnrin kan nílùú ńlá ti ránṣẹ́ sí i pé àga kan ṣófo nílé irun òun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé àdúrà ìkẹyìn, ó kó rólà rẹ̀ sínú àpò, ó fi aṣọ ìnura di dráyà, ó tì í sínú páálí. Ó tún bẹ ìyá rẹ̀ pé kí wọ́n jọ lọ. Doña Eufemia ń fọwọ́ tọ́ ògiri rẹ̀ wò, bí ẹni ń kí i.

"Lọ, ọmọ mi," ni ìyá náà wí. "Mo mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Èmi ni mo ń sọ fún ẹ."

Ìyá náà ò mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé bẹ́ẹ̀. Ó ti ṣubú níbẹ̀ rí, Casilda ló gbé e dìde. Casilda jókòó ti páálí náà, kò lè dìde, kò sì lè sunkún. Aago méjì lù. Ó ń gbọ́ rédíò méjì tó ń pariwo bọ́ọ̀lù. Ríìmù ò dún. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé, ó parí nìyẹn.

Ó ti di okùn mọ́ páálí nígbà tí ríìmù dún. Kò dún dáadáa. Ẹni tó lù ú kò mọ ibi tí wọ́n ń lù ú sí. Ó tún dún. Casilda sún aṣọ fèrèsé. Nereida ló dúró sábẹ́ igi píà, nínú aṣọ ọ̀fọ̀, ọ̀pá ọparun ọkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ju irin sílẹ̀, ó mú ọ̀nà pọ̀n. Láìpẹ́, Casilda gbọ́ ọ̀pá lára ilẹ̀kùn, ó gbọ́ ohùn obìnrin tó ń béèrè pé, "Gílóòbù yín ń wo ta?" Rédíò kan dákẹ́. Ìkejì dákẹ́. Ilẹ̀kùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, gbogbo òkè náà dákẹ́. Ìgbà yẹn ni Casilda wá bú sẹ́kún.

Ẹnìkan wọlé. Yubelkis ni. Kò tíì fọwọ́ kan irun rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n sin bàbá rẹ̀. Ó tú gèlè dúdú tó wà lórí rẹ̀, ó jókòó sórí àga náà. Casilda nu ojú rẹ̀, ó tú okùn ara páálí.

Irun náà kò tíì dín kù. Casilda bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún, bó ṣe máa ń ṣe. Kò yára. Nígbà tí apá ọ̀tún fi nà, tó ń dán, tó balẹ̀ dé èjìká, ó wo aago ara ògiri, ó rí i pé wákàtí ti pé. Àwọn méjèèjì wo ara wọn nínú dígí. Yubelkis fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ń retí ríìmù. Kò dún. Casilda yọrí lójú fèrèsé. Nereida jókòó sórí òkúta lábẹ́ igi píà, irin tí wọ́n fi ń lu ríìmù wà lórí itan rẹ̀, aago ọwọ́ Melanio wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Casilda lè gbọ́ bó ṣe ń dún kí-kí-kí láti ibi tó wà.

"Ìyá Yubelkis, wákàtí ti pé," ni Casilda wí.

Nereida kò gbójú sókè.

"Aago mi ti kú," ló wí. "Ṣe apá òsì rẹ̀ tán."

Casilda sì ṣe é tán.